Ìdọ̀tí HTML àti Àmì Ohùn: Títún Àpèjúwe Ìwé Yorùbá Ṣe nínú Ilé Ìkàwé Orí Ẹ̀rọ

Gbogbo ìwé tó wà nínú ilé ìkàwé orí ẹ̀rọ ló ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ń bá a rìn láti ibi kan dé ibòmíràn: orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, àti àlàyé ṣókí lórí ohun tí ìwé náà dá lé. Àlàyé ṣókí yìí ni à ń pè ní àpèjúwe ìwé. Lára ìwé bébà, ẹ̀yìn ìwé ni ó máa ń wà, níbi tí òǹkàwé ti lè yí ìwé padà kí ó sì kà á kí ó tó yọ owó. Ṣùgbọ́n ìwé orí ẹ̀rọ kò ní ẹ̀yìn tí ọwọ́ lè yí, nítorí náà àpèjúwe ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí òǹkàwé máa rí kí ó tó pinnu bóyá kí òun ṣí ìwé náà tàbí kí òun kọjá lọ. Nígbà tí àpèjúwe bá wá kún fún àmì tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn, ìwé náà yóò pàdánù òǹkàwé, bó ti wù kí inú rẹ̀ dára tó.

Inú HTML ni àwọn àmì wọ̀nyí ti wá, èyíinì ni èdè ìṣètò tí Tim Berners-Lee gbé kalẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN, nítòsí ìlú Geneva, láàárín 1989 sí 1991, láti fi sọ fún kọ̀ǹpútà bí ojú ewé yóò ṣe rí. Táàgì ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan nínú èdè náà: ọ̀rọ̀ kúkúrú tó wà láàárín àmì < àti àmì >, gẹ́gẹ́ bí <p> tó ń sọ pé ìpínrọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, 
 <br> tó ń já ìlà, àti <em> tó ń mú kí lẹ́tà dagun láti fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Kò yẹ kí òǹkàwé rí táàgì rárá. Ohun tí wọ́n fi rán an ni kí ó ṣe, kí ó sì fara pamọ́. Ìgbà tí àpèjúwe bá kúrò níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, tó dé ọ̀dọ̀ ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó ka táàgì sí ọ̀rọ̀ lásán, ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí àpèjúwe sì ń rìn jìn gan-an. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé lè fi ránṣẹ́ nínú ONIX, ìlànà tí àwọn onítẹ̀wé gbé jáde ní 2000 fún fífi ìròyìn nípa ìwé ṣọwọ́ sí àwọn tó ń tà á, tó sì fàyè gba àpèjúwe tó ní HTML nínú àti èyí tí kò ní. Ilé ìkàwé yunifásítì lè gbà á sínú Dublin Core, ìlànà onípìn-ín 15 tí wọ́n fi ìlú Dublin ní ìpínlẹ̀ Ohio sọ lórúkọ lẹ́yìn ìpàdé kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1995. Ẹni tó ní ìwé tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè kó o sínú calibre, ètò ọ̀fẹ́ tí Kovid Goyal bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tó ń tọ́jú àpèjúwe gẹ́gẹ́ bí HTML nínú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní Comments, tó sì lè lọ fa àpèjúwe wá fúnra rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tòun ti gbogbo ohun tí ilé ìtajà náà wọ̀ sí i lọ́rùn.

Púpọ̀ nínú ohun tó ń bá a wá ni kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ àpèjúwe nínú Microsoft Word, tó wá dà á kọ sínú àpótí ilé ìtajà ìwé, yóò kó táàgì Word dání láìmọ̀: <p class="MsoNormal"> níwájú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, <span> tó ń ka orúkọ fọ́ǹtì, ìwọ̀n lẹ́tà àti àwọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, táàgì òfìfo tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, àti &nbsp;, tó dúró fún àlàfo tí ìlà kò gbọdọ̀ já sí, tí wọ́n tò léra wọn kí ọ̀rọ̀ lè wọlé díẹ̀. Bí táàgì bá pàṣẹ pé kí lẹ́tà dúdú, tí òǹkàwé sì ń fi fóònù olójú dúdú kàwé lóru, lẹ́tà dúdú yóò bọ́ sórí ojú dúdú, àpèjúwe yóò sì dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Afọ́jú tó ń lo ètò tó ń ka ojú ewé sókè ló ń jìyà jù, nítorí bí táàgì bá ti di ọ̀rọ̀ lásán, ètò náà lè máa ka gbogbo rẹ̀ sí i létí kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ gidi.

Fún àpèjúwe tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní irú àpẹẹrẹ wíwá kan tí wọ́n ń pè ní regex, èyí tí í ṣe ọ̀nà láti ṣàpèjúwe bí ọ̀rọ̀ ṣe rí dípò kí a kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ <[^>]+> ti sọ pé kí kọ̀ǹpútà wá ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú < tó sì parí sí >, kí ó fi òfìfo rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò ní kí ó pa ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú & tó parí sí ; rẹ́, kí ó sì pa gbogbo lẹ́tà tí kò sí nínú ASCII rẹ́, èyíinì ni tábìlì lẹ́tà 128 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1963. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde láìfarapa. Ìlànà yìí gan-an, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà kọ láti ọ̀dọ̀ ara wọn láìbéèrè ibi tó ti wá, ni ó ń ba àpèjúwe ìwé Yorùbá jẹ́ ju ìdọ̀tí tó fẹ́ gbá lọ, nítorí ohun tó pè ní ìdọ̀tí ni lẹ́tà Yorùbá.

Àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí kọ̀ǹpútà lè bọ́ sílẹ̀. Àtìgbà ayé Samuel Àjàyí Crowther ni wọ́n ti ń jíròrò bí wọn yóò ṣe máa kọ wọ́n, tí wọ́n ṣèpàdé lé e lórí ní Èkó ní 1875, tí ìgbìmọ̀ mìíràn tún gbà á yẹ̀ wò ní 1966, kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lò di òní ní 1974. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe tábìlì lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà kò wo ibẹ̀ yẹn. Nígbà tí HTML 4 jáde ní 1997 pẹ̀lú orúkọ 252 fún lẹ́tà àti àmì tí púpọ̀ nínú wọn kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà á ní orúkọ tirẹ̀, &aacute;, nítorí pé àwọn ará Yúróòpù ń lò ó; ọ, ẹ àti ṣ kò ní. Nọ́ḿbà nìkan ni wọ́n lè fi kọ wọ́n: &#7885; fún ọ, &#7865; fún ẹ, &#7779; fún ṣ.

Ìlú Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí kò jìnnà sí Adó-Èkìtì, yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere. Lójú ènìyàn, lẹ́tà mẹ́ta ni Ọ̀yẹ́. Nínú Unicode, tábìlì àgbáyé tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ḿbà, ó lè jẹ́ nọ́ḿbà márùn-ún: Ọ tó ti ní àmì abẹ́ tirẹ̀, àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó dá dúró, y, ẹ tó ti ní àmì abẹ́ tirẹ̀, àti àmì ohùn òkè tó dá dúró. Ó sì tún lè jẹ́ nọ́ḿbà méje, bí a bá ya àmì abẹ́ náà sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà. Kò sí nọ́ḿbà kan ṣoṣo tó gba lẹ́tà, àmì abẹ́ àti àmì ohùn pọ̀, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà kọ Ọ̀yẹ́ pẹ̀lú nọ́ḿbà mẹ́ta péré. Nínú HTML àtijọ́, bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́ nìyí: &#7884;&#768;y&#7865;&#769;. Ẹni tó bá wá pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà pa ohun gbogbo láti & dé ; rẹ́, y nìkan ni yóò kù nínú orúkọ ìlú náà.

Bí a bá sì kọ orúkọ náà tààrà láìlo nọ́ḿbà HTML, pípa ohun tí kò sí nínú ASCII rẹ́ yóò ṣe ohun tó burú ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀fọ̀n inú orúkọ ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lè di Efon tàbí kí ó di fn: tí àmì abẹ́ bá dá dúró, àwọn àmì nìkan ni yóò ṣubú, E àti o yóò kù, tí lẹ́tà àti àmì abẹ́ bá jọ jẹ́ nọ́ḿbà kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ. Ẹni méjì tó fi kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ ìlú kan náà yóò sì rí i pé ìlú ti di méjì nínú kátálọ́ọ̀gì. Ètò wíwá tó dára lè fojú fo àmì, débi pé ẹni tó tẹ Efon sórí fóònù rẹ̀ yóò rí Ẹ̀fọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sí ètò wíwá tó lè ti inú fn mú ìlú náà jáde. Ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà kì í tìtorí òkúta da ẹ̀wà nù, síbẹ̀ ohun tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ìbàjẹ́ mìíràn wà tó máa ń dà pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí HTML tí ọ̀pọ̀ kò fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú nọ́ḿbà Unicode sínú fáìlì, tí lẹ́tà kan lè gba báìtì kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Báìtì ni ẹyọ ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́. Bí ètò àtijọ́ bá fi tábìlì Windows-1252, tí Microsoft ṣe fún èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ka fáìlì UTF-8, yóò ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, ẹ yóò di áº¹, ṣ yóò di á¹£. Èyí ṣeé yí padà, nítorí báìtì gbogbo ṣì pé. Ètò ftfy tí Robyn Speer kọ wà fún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ibi tó dun Yorùbá jù ni pé tábìlì Windows-1252 ní àyè márùn-ún tó ṣófo, tí 81 àti 8D wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ 8D ni báìtì tó gbẹ̀yìn lẹ́tà ọ kékeré, 81 sì ni báìtì tó gbẹ̀yìn àmì ohùn òkè tó dá dúró. Ètò tó bá bọ̀wọ̀ fún òfìfo yẹn yóò fi àmì ìbéèrè dí i, láti ìgbà náà sì ni lẹ́tà ti sọnù pátápátá. Ìdí nìyí tí àpèjúwe Yorùbá kan náà fi máa ń ní ẹ àti ṣ tó ṣeé gbà padà, tí ọ kò sì ṣeé gbà.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo táàgì tó rí bí ìdọ̀tí ló jẹ́ ìdọ̀tí. Kí Unicode tó tàn kálẹ̀, àwọn tó ń tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà máa ń lo fọ́ǹtì àkànṣe, tí wọ́n ti yọ àwòrán lẹ́tà kan tí Yorùbá kò lò kúrò, tí wọ́n fi àwòrán ẹ tàbí ọ sí àyè rẹ̀. Lójú, Yorùbá tó péye ni. Nínú fáìlì, àmì mìíràn ni. Nínú àpèjúwe tó ti ọ̀dọ̀ irú onítẹ̀wé bẹ́ẹ̀ wá, táàgì <font> tó dárúkọ fọ́ǹtì náà ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù tó lè sọ irú tábìlì tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀, nítorí àwọn fọ́ǹtì wọ̀nyí kò bára wọn mu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá táàgì dànù ti jó kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ ilé. Ó yẹ kí a ka orúkọ fọ́ǹtì, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a yí àmì padà sí lẹ́tà Unicode, kí a tó fọwọ́ kan táàgì náà.

Láti inú gbogbo èyí ni ètò iṣẹ́ ti hàn. Ohun àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà: ètò calibre fúnra rẹ̀ kìlọ̀ lójú ewé tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé lẹ́ẹ̀kan náà pé ohun tí a bá yí padà níbẹ̀ kò ṣeé dá padà, nítorí náà kí a kọ́kọ́ da metadata.db, fáìlì tó gbé àpèjúwe gbogbo ìwé pọ̀, kọ síbi tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni a óò yí nọ́ḿbà HTML padà sí lẹ́tà, kí a sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ti dì lẹ́ẹ̀mejì, tí & fúnra rẹ̀ ti di &amp;, tí &#7885; wá di &amp;#7885;, tí yóò sì nílò títú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni títún báìtì tí wọ́n ṣì kà ṣe àti yíyí àmì fọ́ǹtì àkànṣe padà sí lẹ́tà Unicode, lẹ́yìn rẹ̀ ni yíyọ táàgì, ìgbẹ̀yìn sì ni mímú gbogbo lẹ́tà bọ́ sí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí Unicode pè ní NFC, tó ń so lẹ́tà àti àmì abẹ́ pọ̀ níbikíbi tí nọ́ḿbà kan bá wà fún wọn. Ẹni tó bá yí ètò yìí po, tó yọ táàgì kó tó tú nọ́ḿbà tí wọ́n dì lẹ́ẹ̀mejì, lè rí i pé táàgì tuntun ń jáde láti inú ọ̀rọ̀ tó rò pé ó ti mọ́.

NFC kò sì yanjú ohun gbogbo. Àwọn òǹkọ̀wé kan fẹ́ràn ìlà kúkúrú tó dúró ṣánṣán lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ju àmì roboto lọ, Unicode sì ka àwọn méjèèjì sí ohun ọ̀tọ̀, 0329 àti 0323, tí kò ní pa wọ́n pọ̀ láé. Ilé ìkàwé ni yóò yan ọ̀kan, tí yóò sì kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀. Bákan náà ni yíyọ táàgì fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ojú inú: bí </p><p> bá kàn pòórá láàárín ìpínrọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ tó parí ọ̀kan yóò lẹ̀ mọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìkejì, Adó àti Ìkẹ́rẹ́ yóò di AdóÌkẹ́rẹ́. Kò sì pọn dandan kí gbogbo táàgì lọ. Àpèjúwe tó ní <p> àti <em> nìkan ṣì mọ́, ó ṣì ní ìpínrọ̀, orúkọ ìwé inú rẹ̀ sì ṣì dá yàtọ̀. Class, style àti span ni kí a lé lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkìtì ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wà ní Adó, ibẹ̀ náà ni Pólì Ìjọba Àpapọ̀ wà àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, Ọ̀yẹ́ sì ti ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ láti 2011. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀, àkópọ̀ iṣẹ́ náà yóò gbé ọ̀rọ̀ bí ulé àti ugbá, tí ará Èkìtì ń pè dípò ilé àti igbá. Bí ó bá sì jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, yóò tún gbé ị àti ụ, tí wọ́n fi ń ya fáwẹ́lì Èkìtì méjì tí kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò sọ́tọ̀. Ètò ìmọ́tótó tí wọ́n kọ fún Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan lè rò pé àṣìkọ ni ụ, kí ó sì sọ ọ́ di u. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ọdún púpọ̀ wá yóò sì lọ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó rò pé òun ń ṣe oore.

Ìyípadà ibùgbé ìwé sì ń mú kí iṣẹ́ yìí di kánjúkánjú. Okadabooks, ilé ìtajà ìwé orí ẹ̀rọ tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2013, kógbá sílé ní 30 oṣù kọkànlá 2023. Nígbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá tì, òǹkọ̀wé tí kò tọ́jú àpèjúwe rẹ̀ síbòmíràn ní láti dà á kọ láti ojú ewé ìtajà kí ọjọ́ tó pé, kò sì sí ọ̀nà tó ń kó ìdọ̀tí HTML wọlé tó dídà kọ láti ojú ewé. Yóò ṣàǹfààní fún òǹkọ̀wé Yorùbá gbogbo láti ní àpèjúwe ìwé rẹ̀ ní fáìlì lẹ́tà lásán, tí kò ní táàgì, ní UTF-8, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, kí ó sì máa ti ibẹ̀ fún ilé ìtajà tuntun kọ̀ọ̀kan.

Ní ti èyí tó ti bàjẹ́, ìrànwọ́ díẹ̀ wà. Ní 2018, Iroro Orife tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè kọ́ láti dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì, nípa wíwo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ó lè yára gbé iṣẹ́ dé ìdajì ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìfojúdá ni, orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú ni ó sì nira jù fún irú ìfojúdá bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kì í tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká. Ohun tó yẹ kí ilé ìkàwé ṣe ni pé kí ó ní kí kọ̀ǹpútà ya àpèjúwe tó ní àmì ìbéèrè láàárín ọ̀rọ̀, tàbí tó ní á» àti áº nínú, sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ènìyàn yóò fojú yẹ̀ wò, kí ó sì gbé e fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó mọ ìlú tí ìwé náà ti wá, pẹ̀lú ìwé gidi níwájú rẹ̀ bí ó bá wà.